Pọ́ǹpù Inú Yàrá Obì

Ẹ bá mi kí Ìyá Pamílẹ́rìn, aládùúgbò mi ní Ìlá níbí. Zipporah lorúkọ wọn, ṣùgbọ́n ta ló máa pe àgbàlagbà lórúkọ? Obì ni wọ́n ń tà. Ilé tí ọkọ wọn kọ́ kó tó kú wà nísàlẹ̀ létí odò. Bí òjò bá ti ń rọ̀ lemọ́lemọ́, omi á máa sun láti abẹ́ ilẹ̀ wá sínú yàrá tí wọ́n ń kó obì sí. Ìyẹn ni Pamílẹ́rìn, ọmọ wọn obìnrin tó wà l'Óṣogbo, ṣe ní kí wọ́n gbẹ́ kòtò sí igun yàrá náà, ó sì ra pọ́ǹpù sí i. Bí omi kòtò bá ga, bọ́ọ̀lù kan á léfòó, pọ́ǹpù á sì fúnra rẹ̀ fa omi síta.

Lọ́dún yìí, ọmọ là á mọ́lẹ̀: "Mọ̀mọ́ mi, bí omi bá tún fi lè wọ yàrá yìí, màá wá kó yín lọ s'Óṣogbo ni."

Ìyá ò fẹ́ kúrò nílé ọkọ wọn rárá. Ta ni wọ́n á máa bá tàkúrọ̀sọ l'Óṣogbo?

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kan tí òjò rọ̀, mo gbọ́ igbe wọn tí wọ́n ń pè mí: "Ìyá Ayọ̀ọlá, gbà mí o!" Mo sáré débẹ̀. Omi ti kún kòtò dé ẹnu, agbọ̀n obì sì wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Pọ́ǹpù kàn ń kùn bí oyin ni, kò pọ omi kankan.

"Pamílẹ́rìn ń bọ̀ ní Sátidé," ni wọ́n wí, ojú wọn ti kún fún omijé.

"Ẹ dákẹ́ ná. Ẹ jẹ́ ká pa iná, ká yọ wáyà rẹ̀, kí iná má baà gbé wa."

A fi korobá gbọ́n omi náà lọ sílẹ̀, a wá fi okùn fa pọ́ǹpù jáde. Kí la rí? Èèpo obì àti ewé gbòdògì tí à ń fi wé obì ló dí ẹnu rẹ̀ pinpin.

"Mọ̀mọ́, níbo lẹ ti ń fọ obì?"

"Ibí náà ni. Ṣebí ibi tí omi ń gbà lọ ni mo da omi sí?"

"Háà! Ẹ ti fún pọ́ǹpù lóbì jẹ!"

"Má fi mí rẹ́rìn-ín jàre, ìwọ tí ò ń jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì gé ilá."

Ẹ̀rín la fi ṣa èèpo náà tán. Mo ní ká gbé búlọ́ọ̀kù sísàlẹ̀ kòtò, kí pọ́ǹpù má baà jókòó sínú ẹrẹ̀. Ìyá fúnra wọn ló wá ronú kan agbọ̀n: wọ́n wá agbọ̀n obì ńlá kan tó ti gbó, wọ́n gbé pọ́ǹpù sínú rẹ̀, kí èèpo má rí ọ̀nà wọlé mọ́, a sì gbé e kalẹ̀ sórí búlọ́ọ̀kù náà. Bọ́ọ̀lù ráyè gòkè sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀ dáadáa. A ki wáyà padà, a tan iná, a wá ń da omi sí kòtò. Bọ́ọ̀lù gbéra, pọ́ǹpù dún, omi tú síta fàà! Ìyá bẹ́ sí ijó.

Ní Sátidé, Pamílẹ́rìn gbé ọkọ̀ dé, òjò sì tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ó dúró ti kòtò, ó káwọ́ gbera. Omi ń ga. Bọ́ọ̀lù gbéra... fàà! Ilẹ̀ yàrá gbẹ táútáú.

Ó tọ́ka sí agbọ̀n tó yí pọ́ǹpù ká. "Ta ló tún un ṣe báyìí?"

"Èmi ni," ni Ìyá wí. Wọn ò tiẹ̀ wojú mi!

Ọmọ bú sẹ́rìn-ín. "Ọkọ̀ tí mo gbé wá kó yín ńkọ́?"

"Kó obì sí i. Ṣé àwọn ará Òṣogbo kì í jẹ obì ni?"

Èmi ni mo gbé agbọ̀n àkọ́kọ́. Ẹni tí kò tún pọ́ǹpù ṣe, ṣebí ó lè ru ẹrù.