Kóòdù Kan Tí Akọ́sórí Kò Mọ̀ Pé Ó Ti Kú

Ọdún méje ni mo fi ṣáájú Akọ́sórí dé báǹkì, síbẹ̀ òun ni àwọn oníbàárà ń béèrè. Bí wọ́n bá ti wọlé, wọ́n á na ọrùn kọjá orí mi: "Akọ́sórí ńkọ́?" Èmi tí mo jókòó gbagidi níwájú wọn, àga lásán ni mo jẹ́ lójú wọn.

Àwa la sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Iṣẹ́ wa ni ká gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ fowó ránṣẹ́, ká tẹ ohun tó wà nínú rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, kí owó náà lè dé báǹkì mìíràn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ pé nọ́ńbà àkáǹtì nìkan kò tó. Ó dà bí orúkọ ènìyàn, ẹni mẹ́wàá lè jẹ́ ẹ. Kóòdù ẹ̀ka ló ń tọ́ka sí agboolé: nọ́ńbà mẹ́fà ni, mẹ́ta àkọ́kọ́ fún báǹkì, mẹ́ta tó kẹ́yìn fún ẹ̀ka. Ìwé ńlá kan tí gbogbo rẹ̀ wà nínú rẹ̀ ń bẹ lórí tábìlì wa. Èmi a ṣí i, màá fìka tọ ìlà, màá yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì. Akọ́sórí kì í ṣí ìwé. Á kàn gbójú wo àjà, á sì ka nọ́ńbà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bí ẹni ń ki baba rẹ̀.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Agbéraga kọ́ ni. Láràárọ̀ ló ń tẹrí ba kí mi. Ọmọ atúnbàtàṣe ni, ó sì sọ fún mi pé òun kò ní ìwé nílé ẹ̀kọ́, ohun tí olùkọ́ bá kọ sójú pátákó ni òun ń gbé sórí lọ sílé. Mo rẹ́rìn-ín sí i. Nínú mi, mo ní kí ló dé tí ìṣẹ́ kò kọ́ èmi náà ní irú ẹ̀?

Ọ̀gá wá ní òun yóò yan olórí tábìlì wa kí oṣù tó parí. Akọ́sórí ló ń wò bó ti ń sọ ọ́.

Ọjọ́ kejì, ìwé ìkéde kan dé: báǹkì kan ti pa ẹ̀ka rẹ̀ méjì pọ̀, kóòdù ẹ̀ka kan ti kú. Èmi ni mo fọwọ́ sí i pé mo gbà á, èmi ló sì yẹ kí n kà á fún tábìlì. Mo kọ kóòdù tuntun sínú ìwé ńlá tí mo mọ̀ pé Akọ́sórí kì í ṣí, mo ti ìkéde sínú dírọ́ọ̀ mi, mo ní mo ti ṣe iṣẹ́ mi. Irọ́ ni mò ń pa fún ara mi.

Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, káfíńtà kan wọlé. Ó ń ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fá pákó lọ́wọ́ àgbà káfíńtà kan tó ń fiṣẹ́ sílẹ̀. Bí owó kò bá dé ọ̀dọ̀ bàbá náà títí ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ẹlòmíràn ni yóò gbé e. Ó kọjá mi, ó lọ bá Akọ́sórí.

"Ẹ̀ka wo ni, ẹ̀gbọ́n?"

"Èyí tó wà létí afárá ni."

Akọ́sórí wo àjà. Mo gbọ́ òkú kóòdù náà bó ti ń ti ẹnu rẹ̀ jáde. Ìwé ńlá wà lábẹ́ ìgbọ̀nwọ́ mi, gbólóhùn kan ṣoṣo ni ì bá sì tán ọ̀rọ̀. Mo fa pẹ́ńsù mi yọ, mo ń gbẹ́ ẹ títí ẹnu rẹ̀ fi kán.

Owó kúrò lọ́wọ́ káfíńtà, kò dé ọ̀dọ̀ bàbá. Ó há sáàárín báǹkì méjèèjì fún ọjọ́ mẹ́fà kó tó padà. Ẹ̀rọ ti lọ. Káfíńtà wá dúró níwájú wa, kò bú ẹnikẹ́ni, ó kàn ń fọwọ́ pa etí tábìlì bí ẹni ń wò ó bóyá wọ́n fá a dáadáa.

Ọ̀gá pe àwa méjèèjì, ẹ̀dà ìkéde tí mo fọwọ́ sí wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ṣé wọn kò ka ìkéde yìí fún tábìlì ni?"

Kí n tó lanu, Akọ́sórí ní, "Ẹ̀gbọ́n kà á fún mi, sà. Èmi ni mo gbàgbé."

Wọ́n gbé e lọ sí yàrá fáìlì, wọ́n sì fi mí ṣe olórí tábìlì. Ọjọ́ kẹta ni mo tó lè lọ bá a níbẹ̀.

"Kí ló dé tó o fi parọ́ nítorí mi?"

Ó ń so fáìlì. "Mo rí ìfọwọ́sí yín lórí ìkéde yẹn, ẹ̀gbọ́n. Ká ní ọ̀gá mọ̀ pé ẹ kò kà á fún mi ni, á lé yín, ẹ sì lọ́mọ mẹ́ta nílé ẹ̀kọ́. Èmi náà kúkú ni mi ò ṣí ìwé."

Mo wo ojú rẹ̀ bóyá màá rí ìbínú níbẹ̀, kí ara lè tù mí. Kò sí. Ó yẹ kí n sunkún, ó yẹ kí n jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn, ojú ń tì mí láti sọ ọ́, ni pé: ìwà yìí náà, òun ló tún ní in.