Ẹni Tó Wà Nínú Yàrá Inú Ìwé Ọ̀rẹ́ Mi

Òórùn òróró ẹ̀rọ ìránṣọ, àti ti aṣọ tí áyọ́ọ̀nù eléèédú ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lórí rẹ̀, ni mo fi ń rántí ọ̀rẹ́ mi òǹkọ̀wé. Kì í ṣe pé òun náà ń ránṣọ. Tíṣà ni, ó ti fẹ̀yìn tì, ó sì ń kọ ìtàn àròsọ. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù mi tó wà lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Odò-Orí, níbí ní Ìwó, ni gbogbo ìwé tó kọ ti kọ́kọ́ dé etí ọmọ aráyé, etí náà sì ni tèmi. Tí a bá ti kírun Àsárì tán, á wọlé, á jókòó sórí àpótí tí mo ń kó ègé aṣọ sí, á fi etí agbádá rẹ̀ nu awò ojú, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Èmi á máa fẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ mi lọ. Tó bá débi tó dùn, ẹsẹ̀ mi á dúró fúnra rẹ̀.

O mọ̀ mí, ìwé mẹ́rin ni mo kà, kíláàsì kẹta nìkan ni mo sì rántí nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n irọ́ pípa, kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Mo ti rán ṣòkòtò rí fún ọkùnrin kan tó ga débi pé, nígbà tí mo di orí téèpù mú níbàdí rẹ̀ ní Kuta, ọlọ́kadà ni mo fún ní ìdí téèpù náà pé kó bá mi gbé e dé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ní Ilé-Ogbó, ìlú kejì. Gbogbo ìlú ló mọ ìtàn yẹn. Àwọn kan tiẹ̀ ń bú mi pé irọ́ ni, pé àwọn mọ ọkùnrin náà dáadáa, kò ga tó bẹ́ẹ̀.

Ìdí tí ọ̀rẹ́ mi fi yàn mí nìyẹn. Ó ní àwọn tó kàwé ń yin òun nítorí ojú, pé òpùrọ́ gidi nìkan ló lè mọ irọ́ tó dáa yàtọ̀ sí èyí tí kò dáa. Òfin kan ṣoṣo ló wà láàárín wa. "Má yìn mí," ó ní. "Ibi tí o bá ti sùn, màá fà á ya." Bẹ́ẹ̀ náà ló sì ń ṣe. Tí mo bá ti tòògbé, á yọ bébà náà kúrò láàárín àwọn tó kù, ó di yíya. Mo ti fi oorun pa ìgbéyàwó méjì, ìjà ilẹ̀ kan, àti ọba kan tó ń sọ̀rọ̀ jù. Mi ò mọ òǹkọ̀wé mìíràn tó ń ṣiṣẹ́ báyẹn, ṣùgbọ́n èmi náà kò mọ òǹkọ̀wé mìíràn.

Ìwé rẹ̀ tó kẹ́yìn ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Ìtàn agbo ilé kan ni. Yàrá kan wà níbẹ̀ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í ṣí. Láràárọ̀, wọ́n á gbé abọ́ oúnjẹ sẹ́nu ọ̀nà yàrá náà. Tó bá máa fi di ọ̀sán, abọ́ á ti ṣófo. Gbogbo ará ilé ló ń yọ́ rìn. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, wọn kì í gúnyán nínú ilé, tọkọtaya tó bá fẹ́ jà á kọ́kọ́ jáde lọ sóko. Wọ́n bí àwọn ọmọ sínú ilé náà, àwọn ọmọ dàgbà, wọn ò mọ ìdí tí àwọn fi ń yọ́ rìn. Bí ìwé náà ṣe parí nìyẹn. Kò sọ ẹni tó wà nínú yàrá.

Àmọ́ ó ti sọ ọ́ rí. Orí kan wà níbẹ̀ tí ìyàwó kékeré ilé ṣí ilẹ̀kùn náà, mo sì gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mo ti ibi ìsọmọlórúkọ dé láti Kuta lọ́jọ́ náà, mo ti jẹ iyán yó, oòrùn sì mú. Mo gbọ́ tó kà á pé ìyàwó náà gbé ọwọ́ lé ilẹ̀kùn. Ohun tí mo tún gbọ́ lẹ́yìn ìyẹn ni ìró bébà tó ń ya.

"Ta ló wà níbẹ̀?" Mo nu itọ́ ẹnu mi.

"O sùn." Ó ń da àwọn ègé bébà náà sínú èédú áyọ́ọ̀nù mi.

"Mo kàn di ojú ni. Sọ fún mi."

"O tiẹ̀ ń hanrun." Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé fìlà rẹ̀, ó lọ. Mo rò pé ó máa sọ lọ́jọ́ mìíràn. Kò sọ. Wọ́n tẹ ìwé náà n'Íbàdàn láìsí orí yẹn nínú rẹ̀.

Nígbà tó kú, ihò bọ́tìnì ni mo ń rán lára yunifọ́ọ̀mù. Wọ́n wá sọ fún mi. Mo rán ihò náà parí, mo gé òwú rẹ̀, lẹ́yìn náà ni mo tó dìde. Ọjọ́ náà la sin ín gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn wa ṣe là á sílẹ̀. Àwọn èèyàn ń sunkún, èmi ń wo etí aṣọ funfun tí wọ́n fi wé e, ibi tí wọ́n ti gé e wọ́ díẹ̀. Gbogbo ara mi rí bí ẹsẹ̀ tí èèyàn jókòó lé lórí títí tí kò fi mọ̀ pé tòun ni mọ́. Mo ń jẹun. Mo ń kírun. Mo ń wọn ìbàdí oníbàárà. Àwọn tó bá yà sí ṣọ́ọ̀bù ń retí kí n pa irọ́ kan kí wọ́n lè fi rẹ́rìn-ín, kò sì sí èyí tó wá sẹ́nu mi.

Lọ́jọ́ fídáù ọjọ́ kẹjọ, wọ́n ta àtíbàbà síwájú ilé rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó jẹ́ ààfáà àgbà ládùúgbò wọn, ló máa ṣáájú àdúrà. Ìyàwó olóògbé jókòó sẹ́nu ọ̀nà nínú ìbòrí funfun, ohun kan ṣoṣo ló sì ń wá lọ́jọ́ yẹn: kí àdúrà ọkọ òun jáde láti ẹnu ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò yìí ò fi bẹ́ẹ̀ rẹ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti wà lọ́mọdé ni Ààfáà ti ń sọ pé ìtàn àròsọ kò yàtọ̀ sí irọ́. Tó bá gbàdúrà fún un ní gbangba, a jẹ́ pé ó ti gbà á padà. Gbogbo wa tó wà lábẹ́ àtíbàbà la mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Àwọn lẹ́kítọ̀ méjì wá láti yunifásítì, ọkùnrin kan, obìnrin kan. Wọ́n ní kí wọ́n sọ díẹ̀ nípa iṣẹ́ olóògbé kí wáàsí tó bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin náà ló kọ́kọ́ dìde. Ó ní ọ̀rọ̀ òṣèlú ni ìwé náà. Ó ní ìjọba ló wà nínú yàrá: à ń bọ́ ọ, a ò rí i, a sì ń bẹ̀rù kó má baà gbọ́ wa. Ó ní ayé ológun ni olóògbé fi ṣe géńdé, ìdí nìyẹn tí kò fi kọ orí tó yẹ kó ṣílẹ̀kùn. Pé ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ yẹn ni ìbẹ̀rù gbogbo wa. Àwọn èèyàn mirí, èmi náà mirí. Mo ń rò ó nínú mi pé oorun tí mo sùn lórí iyán Kuta ti di ìjọba ológun. Nígbà mìíràn ǹ bá ti bú sẹ́rìn-ín.

Obìnrin náà dìde. Ó ní òun ò bá ẹnìkejì òun jiyàn, ó wá bẹ̀rẹ̀ iyàn náà. Ó ní ọ̀rọ̀ yẹn jìn ju òṣèlú lọ. Ó dá òun lójú pé kò sẹ́nikẹ́ni nínú yàrá, pé àwọn ará ilé gan-an ló ń jẹ oúnjẹ náà láìjẹ́wọ́ fún ara wọn. Ohun tí òǹkọ̀wé ń bi wá ni pé, bí èèyàn bá ń bẹ̀rù, tó ń sìn, tó ń yọ́ rìn títí ayé rẹ̀, tó sì wá jẹ́ pé yàrá náà ṣófo, kí ni ìgbé ayé ọ̀hún já sí? Ó sọ ọ́ dáadáa. Ó tẹ́ mi lọ́rùn ju ìjọba lọ.

Tẹ̀sùbáà dúró lọ́wọ́ Ààfáà. "Ọmọ mi, tún un sọ."

"Pé kò sẹ́nikẹ́ni níbẹ̀, sà."

"Níbi tí wọ́n ń gbé oúnjẹ sí. Tí wọ́n ń sìn."

"Ìtumọ̀ kan ni, sà."

"Àbúrò mi kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sẹ́ni tí à ń sìn." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ bàtà rẹ̀. "Mi ò lè gbé ọwọ́ sókè fún ẹni tó fi irú ọ̀rọ̀ yẹn dágbére fáyé. Ẹ wá ẹlòmíì."

Obìnrin lẹ́kítọ̀ náà ti kúnlẹ̀, ojú rẹ̀ ti yí. Èyí ọkùnrin sáré dìde. "Ààfáà, ẹ má bínú, ìjọba ni wọ́n ń bá wí o, kì í ṣe Ọlọ́hun."

"Ṣé ìwé kan náà lẹ̀yin méjèèjì kà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ẹ kọ́kọ́ lọ parí ìjà yín, ká tó mọ èyí tí n ó bínú sí."

Àwọn ààfáà yòókù ń wo ilẹ̀, nítorí ta ni yóò ṣáájú àdúrà níṣojú rẹ̀? Ìyàwó olóògbé wá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. "Bàbá, ẹ wo ti àwọn ọmọ." Ààfáà kò wò ó. Ìyàwó olóògbé bá yí ojú sí mi.

Mo dìde. Mi ò lè sọ fún ọ pé àánú ló gbé mi dìde, nítorí mi ò gbọ́ àánú kankan nínú mi. Ẹsẹ̀ mi ló dìde.

"Ààfáà, mo mọ ẹni tó wà nínú yàrá yẹn."

"Ìwọ?" Ó dúró. "Ìwọ tó fi ọ̀kadà wọn ṣòkòtò?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. "Èmi náà ni. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù mi ló ti ń ka ìwé rẹ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́, ẹ̀yin náà mọ̀. Orí tó ṣílẹ̀kùn wà. Ó yọ ọ́ ni."

Àwọn lẹ́kítọ̀ méjèèjì na ọrùn. Obìnrin náà yọ fóònù rẹ̀ níbi tó kúnlẹ̀ sí.

Mo ní ìyá àgbà kan ló wà níbẹ̀. Mo ní ó jókòó lórí awọ àgùntàn, ó ń fi tẹ̀sùbáà tọrọ fún gbogbo ará ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan ọmọ tí wọn ò tíì bí. Tí ariwo bá ti ta, ọwọ́ rẹ̀ á ṣì lórí ilẹ̀kẹ̀, á tún padà sórí ẹni àkọ́kọ́. Ìdí tí gbogbo ilé fi ń yọ́ rìn nìyẹn. Mo ní ìyàwó kékeré rí i, ó rọra pa ilẹ̀kùn dé. Mo ní ọ̀rẹ́ mi yọ orí náà nítorí pé ìyá rẹ̀ ni, kò fẹ́ fi í tajà. Ìyá Ààfáà náà ni, àwọn tó dàgbà lára wa ò sì gbàgbé obìnrin náà àti tẹ̀sùbáà rẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ń tú jáde lẹ́nu mi bí òwú ṣe ń tú lára rílì. Nínú gbogbo irọ́ tí mo ti pa láyé, òun nìkan ni kò dùn mọ́ mi lẹ́nu.

Ààfáà wo tẹ̀sùbáà ọwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Awọ àgùntàn yẹn. Èmi ni mo rà á fún wọn." Ó bọ́ bàtà rẹ̀ padà, ó jókòó, ó gbé ọwọ́ sókè. Ó pẹ́ lórí àdúrà náà débi pé ọbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jóná lẹ́yìnkùlé. Ìyàwó olóògbé ń sunkún sínú ìbòrí rẹ̀. Èmi náà ń ṣe àmín, mo ń wò ó bóyá omi kankan máa jáde lójú mi. Ojú mi gbẹ.

Àwọn lẹ́kítọ̀ yẹn ti fi ìyá àgbà náà kọ nǹkan báyìí. Ọkùnrin ní ìyá àgbà ni orílẹ̀-èdè wa kí òṣèlú tó bà á jẹ́. Obìnrin ní ilẹ̀kẹ̀ tí kíkà rẹ̀ kì í parí ni ìgbé ayé ẹ̀dá. Wọ́n ṣì ń jà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn ń wọ ọkọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi láti bi mí léèrè, mo sì máa ń fi díẹ̀ kún un fún wọn kí owó ọkọ̀ wọn má baà ṣòfò.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ fídáù náà, kí n tó máa lọ sílé, ìyàwó olóògbé pè mí sẹ́yìnkùlé, níbi tó ti ń fi omi ṣan àwọn abọ́.

"Bàbá Télọ̀, irọ́ lẹ pa."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ìyàwó."

"Ẹ ṣé." Ó da omi sórí abọ́ kan. "Ó ka orí yẹn fún èmi náà kó tó gbé e wá sọ́dọ̀ yín."

"Ta ló wà níbẹ̀?"

"Ọkùnrin kan ni. Ó ń sùn. Ìyẹn náà ni gbogbo rẹ̀. Iṣẹ́ ti sú u, àwọn ará ilé fẹ́ràn rẹ̀, wọn ò fẹ́ jí i." Kò gbójú sókè. "Ẹ̀yin ló ń rò tó fi kọ ọ́. Nígbà tó dé lọ́jọ́ yẹn, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní bí òun ṣe ń kà á débi ilẹ̀kùn báyìí lòun wòkè, lòun rí i pé ẹ ti sùn. Ó ní òun ò mọ ohun tóun tún fẹ́ kà mọ́."

"Ta ló wá ń jẹ oúnjẹ náà?"

"Ẹ̀yin náà ni. Ṣé ẹ ò mọ bí ẹ ṣe ń jẹun ni?"

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ, mo ń retí kí nǹkan kan ṣe mí. Ẹsẹ̀ tí èèyàn jókòó lé lórí, ó máa ń ta kó tó padà bọ̀ sípò. Tèmi kò ta. Mo gbé ṣòkòtò oníbàárà kan, mo ṣẹ́ etí rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń rò ó. Òpùrọ́ méjì ni obìnrin yẹn fi gbogbo ayé rẹ̀ bá sọ̀rọ̀, ọkọ rẹ̀ àti èmi. Ó lè jẹ́ pé ohun tí mo ṣe fún ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn lòun náà yí padà tó ṣe fún mi lẹ́yìnkùlé. Mi ò bi í. Ààfáà ti mú ìyá rẹ̀ nínú yàrá náà, ẹnì kan mú ìjọba, ẹnì kan mú òfìfo, oorun ni wọ́n fún èmi, mo sì gbà á. Tó bá jẹ́ irọ́, irọ́ tó dáa ni. Ìyẹn nìkan ni mo kàwé lé lórí.

Tí a bá ti kírun Àsárì tán, mo máa ń dá ẹ̀rọ dúró, mo ń gbé orí lé tábìlì. Oorun kì í wá mọ́. Ṣùgbọ́n mo ti ṣàkíyèsí pé àwọn tó ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù máa ń rọra tẹlẹ̀ tí wọ́n bá rí mi báyẹn. Wọ́n á rẹ ohùn wọn sílẹ̀, wọ́n á ní kí àwọn ọmọ má pariwo. Mò ń gbọ́ gbogbo wọn. N kì í lajú.