Ọjọ́ Tí Okokomaiko Ní Òun Ò Fẹ́ Ogun

Mo wà lórí igi dóńgóyárò, mo ń ṣẹ́ ẹ̀ka, bàbá ń pè mí láti ìsàlẹ̀ pé, "Kékeré ni kí o máa ṣẹ́. Ọ̀kadà la fẹ́ so ó mọ́, kì í ṣe tírélà."

Bàbá aládùúgbò wa ni, àwọn ló ń ṣáàjì bátìrì ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa ní Okokomaiko. Òórùn ásíìdì máa ń ta wá nímú láti àárọ̀. Rédíò wọn kì í dákẹ́. Ibo ni bátìrì ti fẹ́ tán nílé ẹni tó ń ṣáàjì rẹ̀?

Àárọ̀ Sátidé yẹn, rédíò sọ pé àwọn èèyàn yóò tú sí títì káàkiri ayé lọ́jọ́ kan náà, láti sọ pé àwọn ò fẹ́ ogun tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Lárúbáwá. Bàbá gbé bátìrì ọwọ́ wọn sílẹ̀. Àbúrò wọn kan ṣoṣo ló bá ogun abẹ́lé wa lọ, wọn ò sì rí òkú rẹ̀ sin.

"Àwa náà á jáde," ni wọ́n wí.

Àwa mẹ́ta péré ni: bàbá, èmi, àti àbúrò mi obìnrin. A so ewé mọ́ ọ̀kadà méjì tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù. Àwọn awakọ̀ tó ń bọ̀ láti Ìyànà Ìbà rí i, wọ́n rò pé wàhálà ti wà níwájú, nítorí ọkọ̀ tí kò bá léwé lára lọ́jọ́ ìwọ́de lè pàdánù gíláàsì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dúró.

"Bàbá, kí ló dé? Ṣé wọ́n tún ti fi kún owó epo ni?" ni ọlọ́kadà kan béèrè.

"Wọ́n fẹ́ jagun lókè òkun. A ní a ò fẹ́."

Ọlọ́kadà náà rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin àti ta? Ṣé wọ́n mọ̀ yín níbẹ̀ ni?"

"Bọ́ǹbù kì í béèrè orúkọ èèyàn kó tó balẹ̀. Gba ewé."

Ó gbà á. Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ náà gbà. Kó tó di ọ̀sán, họ́ọ̀nù gba títì kan, ewé ń lọ sí Ọ̀tọ̀-Àwórì, ó ń lọ sí Ọ̀jọ́. Àwọn kan mọ ìdí rẹ̀, gíláàsì wọn nìkan làwọn mìíràn ń rò. Èmi ń sáré láti ìdí igi dé títì. Ó dá mi lójú pé a ti dá ogun dúró.

Nírọ̀lẹ́, a yí rédíò ká. Wọ́n ń dárúkọ ìlú lọ rẹrẹ. A ò gbọ́ tiwa. Àbúrò mi bú sẹ́kún.

"Ṣé a jáde àbí a ò jáde?" ni bàbá bi í.

"A jáde, sà."

"Ó parí."

Síbẹ̀, ogun náà bẹ́ sílẹ̀ lóṣù tó tẹ̀ lé e. Mo bi bàbá pé kí wá ni èrè wa. Wọ́n ní, "Nígbà tí àbúrò mi ń lọ, mi ò sọ fún un pé kó má lọ. Mo rò pé kò ní gbọ́. Síbẹ̀, ó yẹ kí n ti sọ ọ́ fún un."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lára mi. Lọ́dún yìí, nígbà tí dókítà sọ pé ìyàwó mi kò gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni mọ́, mo fa àga mọ́ ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀, mo sì sọ gbogbo ohun tó wà lọ́kàn mi fún un.