Ìdì Ẹ̀gẹ́ Tí Mo Kó Wọ Ekosodin

Iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe nígbà náà ní yunifásítì kan ní ìlú Benin. Ohun tí mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni bí àìsàn àti kòkòrò ṣe ń bá irúgbìn rìn láti ìlú kan dé òmíràn. Lọ́dọọdún ni mo máa ń na ìka sókè, tí màá ní, "Irúgbìn tó bá ti ibòmíràn wá, ẹ yà á sọ́tọ̀! Ẹ máa ṣọ́ ọ títí yóò fi dá yín lójú pé ara rẹ̀ mọ́." Ohùn tí mo fi ń sọ ọ́, bíi ti ọ̀gá kọ́sítọ́ọ̀mù ni.

Lọ́dún kan, mo lọ kí ìyá mi nílé, ní apá Àkúrẹ́. Wọ́n di igi ẹ̀gẹ́ ìdì méjì fún mi. "Lọ gbìn ín. Ẹ̀gẹ́ yìí kì í korò." Mo rí nǹkan funfun bí òwú lójú àwọn igi náà. Mo fi áńkáṣíìfù nù ún, mo ní eruku lásán ni. Èmi tí mo máa ń ya àwòrán kòkòrò tó ń rí bí òwú yẹn gan-an sára pátákó! Mo jù wọ́n sẹ́yìn mọ́tò, ó di Benin.

Ní Ekosodin, àdúgbò tí mò ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ yunifásítì, mo gbin ìdì kan sẹ́yìn ilé. Ọ̀làwọ́ ni mí, mo bá gbé èkejì fún ìyá àgbà kan, ará Edo, tó ni ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Wọ́n gbàdúrà fún mi gan-an. Mo ń ṣe àmín kíkankíkan.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, mo ní kí àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ wá ewé tó ń ṣàìsàn wá. Ọmọbìnrin kan tú ọ̀rá sórí tábìlì: orí ẹ̀gẹ́ ni, ewé rẹ̀ ti ká jọ bí ẹ̀ṣẹ́, kòkòrò funfun sì bò ó. Inú mi dùn.

"Ẹ wò ó dáadáa! Ẹni tó kó èyí wọ̀lú, ọ̀tá àgbẹ̀ ni. Níbo lo ti rí i?"

Ó wolẹ̀. "Lóko màmá tó ni ilé wa ni, sà. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ fún àwọn."

Mo ní afẹ́fẹ́ náà máa ń gbé kòkòrò yẹn kiri. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sínú ìwé.

Lọ́jọ́ náà gan-an ni mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún màmá, mo jẹ́wọ́. Wọ́n bi mí ní pijin bóyá ohun tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ nìyí:

"So na dis one you dey teach?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo hú ẹ̀gẹ́ tiwọn, mo hú tèmi, mo dáná sun gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí òjò tún bẹ̀rẹ̀, mo gba igi ẹ̀gẹ́ tó mọ́ lóko ilé ẹ̀kọ́, mo rù ú lọ fún wọn. Màmá ò jẹ́ kí n wọlé. Wọ́n gbé àga sẹ́nu géètì, wọ́n wọ awò ojú wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ igi náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi sì dúró sínú oòrùn. Wọ́n yọ mẹ́ta sọ́tọ̀, wọ́n ní kí n gbé wọn padà. Mo yẹ̀ wọ́n wò, mi ò rí nǹkan kan lára wọn. Ṣùgbọ́n ẹnu wo ni mo fẹ́ fi jiyàn? Mo gbé wọn lọ sílé, mo sì sun wọ́n.