Pátákó Etí Odò

Pẹ́ńtà ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ìdí pátákó kan ṣoṣo ló sì darúgbó sí: èyí tí ìjọba rì sétí odò, tó ń sọ ọdún tí wọn yóò parí dáàmù iná. Ògiri tí wọ́n mọ síbẹ̀, ewúrẹ́ ń fò ó. Iná ò dé, mínísítà ni ò yéé dé. Bí ọ̀kan bá ti dé, pẹ́ńtà á fi ọ̀dà bo ọdún àtijọ́, á kọ tuntun lé e lórí.

Ìkẹsàn-án dé lánàá, ó ń yan fanda. Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí ọ̀dà tèmi nípọn o!"

Pẹ́ńtà wò ó látòkè délẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọ̀dà ara pátákó yìí ti nípọn ju ògiri dáàmù yín lọ."