Ìgbálẹ̀ Ẹ̀gbọ́n Mi àti Kòkòrò Oníwo

Èmi kì í bẹ̀rù kòkòrò, ṣùgbọ́n èyí tó fò bà mọ́ mi lẹ́yìn láàárọ̀ ọjọ́ yẹn tóbi tó ẹyin adìyẹ, ó sì ní ìwo. Mo bọ́ra sílẹ̀, mò ń la igi tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi ń yan ẹja lẹ́yìnkùlé wọn ní Ẹ̀pẹ́. Ó fi èékánná kọ́ mi lẹ́ran, mo ké.

Ẹ̀gbọ́n mi ń gbálẹ̀ lọ́wọ́. Wọn ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n la ìgbálẹ̀ mọ́ mi lẹ́yìn, pàà! Wọ́n tún là á mọ́ mi, ẹ̀jẹ̀ yọ. Kòkòrò pòórá.

"Ẹ fi ìgbálẹ̀ nà mí!"

"Kòkòrò ni mo nà."

"Ṣé ẹ̀yìn kòkòrò ló ń ṣẹ̀jẹ̀ yìí?"

Gbogbo wa la mọ̀ pé ọkùnrin tí wọ́n bá fi ìgbálẹ̀ nà gbọ́dọ̀ gbà á, kó fi na ẹni náà padà lẹ́ẹ̀méje, bí kò bá fẹ́ kí nǹkan ọkùnrin rẹ̀ kú. Ṣùgbọ́n ta ló ń na ẹ̀gbọ́n rẹ̀? Àwọn fúnra wọn ló tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ fún mi.

"Ó yá, nà mí. Mi ò fẹ́ kí ìyàwó ẹ wá bá mi jà."

Mo nà wọ́n. Inú ń bí mi, mi ò ṣe é jẹ́jẹ́.

"Ó ti pé méje!" Omi ti lé ròrò lójú wọn.

Bí mo ṣe gbójú sókè, mo rí ìwo kan lórí gèlè wọn. Ọlọ́run mà tóbi o. Mo tún gbé ìgbálẹ̀ sókè.