Omi Lé Jàmíátù Dé Ẹnu Géètì Wa

Kí a tó dá ẹgbẹ́ onílé sílẹ̀ ní àdúgbò wa ní Lokongoma, ní Lokoja, olè ò jẹ́ ká sinmi. Wọ́n jí jẹnẹrétọ̀ Adéòkè, wọ́n sì gbé ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀ kúrò lórí iná. Àwọn kan tiẹ̀ ní olè náà padà wá bá a wí pé iyọ̀ ò tó. Nítorí náà, nígbà tí ẹgbẹ́ ṣe géètì, tí a ní omi ẹ̀rọ, tí a sì gba Abdulazeez ṣe ọlọ́dẹ, kò sẹ́ni tó yọ̀ tó Adéòkè. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, ọmọ Kàbbà, opó, ìyá Ẹ̀ríolúwa, tó dá kọ́ ilé ara rẹ̀. Ó wá ń sùn, ó ń hanrun débi pé wọ́n ń gbọ́ ọ ní àdúgbò Felele.

Ṣùgbọ́n òfin bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ. Ẹ má sá aṣọ síwájú ilé. Àkùkọ kankan ò gbọdọ̀ kọ kí Ọ̀gbẹ́ni Ògúnsànyà, alága wa, tó jí. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí odò Ọya fà sẹ́yìn, wọ́n gbé òfin àlejò dé: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gba àlejò sùn láì fi tó ìgbìmọ̀ létí ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Gbogbo wa mọ ẹni tí a ń bá wí: Ọlákúnlé, tí àwọn àbúrò rẹ̀ pọ̀ bí eéṣú, tí orin wọn ń di wá létí. Nígbà tí a dìbò lé e, Adéòkè na ọwọ́ méjèèjì sókè láti fara mọ́ ọn. Ká ní ó ní ìkẹta ni, ì bá nà án.

Òjò dé, odò kún. Ọmọ Lokoja mọ àṣà: bí omi bá lé ará ìsàlẹ̀, ará òkè á ṣílẹ̀kùn. A kì í ránṣẹ́ ṣáájú. Ẹni tí omi lé á kàn ru mátírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ dé ni. Bẹ́ẹ̀ ni Jàmíátù, tó ń gbé létí odò, tó ń ta ẹja gbígbẹ ní ọjà Kpata, ṣe ru tirẹ̀ dé. Nígbà tí Adéòkè kọ́kọ́ wá ṣiṣẹ́ ní Lokoja, tí kò mọ ẹnì kan, inú yàrá kan ṣoṣo tí Jàmíátù ní ló gbé títí ó fi lọ sílé ọkọ.

Abdulazeez dínà. "Ẹ má bínú, mà. Wọn ò sọ fún mi pé ẹ ń bọ̀."

Adéòkè sáré jáde, alága náà sì dé.

"Alága, ẹ̀gbọ́n mi nìyí. Omi ti dé fèrèsé rẹ̀."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Màmá," ni Ògúnsànyà wí fún Jàmíátù. Ó yíjú sí Adéòkè. "Ìgbà wo lẹ fi tó wa létí?"

"Ṣé omi máa ń dá ọjọ́ ni, sà?"

"Ọdọọdún ló ń kún, Màmá Ẹ̀ríolúwa. Ẹ̀yin náà lẹ sì na ọwọ́ méjì. Ẹ lè mú wọn wọlé o, àmọ́ a ó ti omi ẹ̀rọ pa nílé yín."

Ọlákúnlé, tó ti jáde wá wòran, bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ tẹ̀lé òfin, ẹ jọ̀ọ́! Òfin yìí ti wá ń dùn mọ́ mi."

Adéòkè wo ilé rẹ̀, ó wo Jàmíátù. "Àǹtí, ẹ ṣe sùúrù di ọ̀la. Ìgbìmọ̀ á jókòó."

"Ọ̀la?" ni Jàmíátù wí. "Kí n lọ sọ fún omi pé kó dúró dè yín?"

Ó gbé mátírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ sínú kẹ̀kẹ́, ó kọrí sí ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn tí omi lé ń sùn sí.

Ìgbìmọ̀ jókòó lóòótọ́, wọ́n fi àdúrà bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì fi tàánútàánú gbà pé kí Jàmíátù wọlé, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.

Adéòkè gbé oúnjẹ lọ bá a nílé ẹ̀kọ́. Ogunlọ́gọ̀ èèyàn ti kún inú kíláàsì kan bí ẹja inú agbọ̀n. Jàmíátù sún sẹ́yìn lórí mátírẹ́ẹ̀sì, ó fọwọ́ gbá àyè tó ṣẹ́ kù.

"Jókòó, Adéòkè. Wọn kì í gba àṣẹ jókòó níbí."

Adéòkè ò lè jókòó. Ó gbé abọ́ kalẹ̀, ó ní wọ́n ń retí òun níbi iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ Sátidé ni.